Igi ẹ̀fọ́ Ìyànà Ìpájà tí wọ́n ń tà ní Abẹ́òkúta: ṣé ó tó rà fún oúnjẹ ọmọ?

Ọjà tí à ń yẹ̀ wò yìí kì í wà nínú páálí, kò sì ní ìwé ìlò. Ègé igi lásán ni, tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, tí àwọn olówò òdòdó àti igi gbígbìn máa ń dì pọ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá títì, tàbí tí wọ́n ti gbìn sínú ọ̀rá dúdú. Àwọn kan tún máa ń já ewé rẹ̀ wá sọ́jà, wọ́n á dì í bí wọ́n ṣe ń di ugu. Ẹ̀fọ́ Ìyànà Ìpájà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní ẹ̀fọ́ Jerúsálẹ́mù.

Ìdájọ́ wa nìyí kí ọ̀rọ̀ tó gùn: igi náà dára, ó tọ́ sí ilé tó bá ní ọmọ kékeré. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tà á ni kò dára tó. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tà á kì í sọ bí a ṣe ń sè é fún ẹni tó ń rà á, bẹ́ẹ̀ ewé yìí kò ṣeé jẹ ní tútù rárá.

Ìdí tí a fi gbé e yẹ̀ wò kò fara sin. Nínú ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera àwọn ará ìlú tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018, ọmọ 37 nínú 100 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà ló kúrú ju bó ṣe yẹ kí ọjọ́ orí wọn ga lọ, ọmọ 68 nínú 100 láàárín oṣù 6 sí oṣù 59 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí kì í sùn pẹ̀lú ebi. Wọ́n ń mu ẹ̀kọ, wọ́n ń jẹ láfún, wọ́n ń mu gàrí, wọ́n ń yó. Ebi méjì ló wà: èyí tí ikùn ń ké síta, àti èyí tí ara ọmọ ń dá jẹ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ebi kejì yìí ni ẹ̀fọ́ ń bá jà, ẹ̀fọ́ sì máa ń wọ́n nígbà tí a bá nílò rẹ̀ jù. Láti oṣù Kejìlá títí wọ inú oṣù Kẹta, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kì í hù láìsí ẹni tó ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ lálẹ́, kànga ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta sì ti lọ sílẹ̀ nígbà náà. Ilẹ̀ tó wà lórí òkúta wa kò jìn. Ewébẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ kò lágbára kì í pẹ́ gbẹ lórí rẹ̀.

Ẹ̀fọ́ Ìyànà Ìpájà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan là ń gbìn ín, ó sì ń ruwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọyẹ́ lè mú kí ewé rẹ̀ kéré, kí ó sì dín kù, ṣùgbọ́n igi tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kì í ṣíwọ́ bọ̀rọ̀.

Láti ilẹ̀ Mẹ́síkò ló ti wá, ní apá Yucatán, níbi tí àwọn ẹ̀yà Maya ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà láéláé. Chaya ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, Cnidoscolus aconitifolius sì ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un. Ìdílé kan náà ni òun àti ẹ̀gẹ́ ti jáde, pẹ̀lú làpálàpá àti igi rọ́bà. Ẹ rántí ìbátan yìí, nítorí òun ló fa púpọ̀ nínú ewu tí a fẹ́ sọ nísàlẹ̀.

Orúkọ kan, igi méjì

Àlébù àkọ́kọ́ tí a rí nínú ọjà yìí ni pé igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹlòmíràn á béèrè ẹ̀fọ́ Ìyànà Ìpájà, wọ́n á sì fún un ní èkejì, Jatropha tanjorensis, tí àwọn ènìyàn tún ń pè ní «hospital too far». Àwọn kan tún ń pe chaya fúnra rẹ̀ ní orúkọ Òyìnbó yẹn, nítorí náà bíbéèrè lórúkọ kò tó. Ojú ni kí ẹ fi dá a mọ̀.

Ewé chaya fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà tó na ìka rẹ̀. Ìka márùn-ún ló sábà máa ń ní, ìka náà sì gé wọlé dáadáa bíi ti ewé ìbẹ́pẹ. Ibi tí ọ̀pá ewé ti so mọ́ ewé, ẹ ó rí kókó kékeré níbẹ̀. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó máa ń ṣù jọ sí orí ọ̀pá gígùn kan. Bí ẹ bá ṣẹ́ ewé rẹ̀, oje funfun kì bíi ti ẹ̀gẹ́ ni yóò jáde. Ti èkejì kéré sí i, ìka rẹ̀ máa ń jẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún tí kò gé jìn, etí ewé rẹ̀ rí wẹ́wẹ́ bí eyín ayùn, oje rẹ̀ kì í sì í funfun bẹ́ẹ̀. Ìyẹn náà wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń jẹ, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ọjà tí à ń sọ.

Ibi tí ewu wà gan-an ni igi tí kò léwé lára. Ègé igi chaya, ègé igi làpálàpá àti ègé igi ẹ̀gẹ́ jọra púpọ̀ nígbà tí wọ́n bá ti já gbogbo ewé wọn. Làpálàpá máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru líle fún ọmọdé. Nítorí náà, ẹ má ra ìdì igi tó wà ní ìhòòhò lọ́wọ́ ẹni tí kò lè fi ìyá igi tó ti gé e hàn yín. Bí olówò náà bá ní òun ní igi ńlá lẹ́yìn ìsọ̀, kí ẹ lọ wò ó. Bí kò bá ní, ti inú ọ̀rá dúdú tó ti ruwé ni kí ẹ rà, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ga jù.

Bí a ṣe ń yan igi tó dára

Ègé tó dára jẹ́ ti igi tó ti gbó, tí àwọ̀ èèpo rẹ̀ ti rí bí eérú, tí ó tó àtàǹpàkò àgbàlagbà ní sísanra tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gígùn rẹ̀ kí ó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, kí ó sì ní ojú mẹ́ta tí ewé ti ń yọ, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ olówò máa ń gé orí igi tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, nítorí pé ó dára lójú. Irú èyí máa ń jẹrà kí ó tó ta gbòǹgbò. Ẹ fi èékánná họ èèpo rẹ̀ díẹ̀: bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù tó sì ń ṣe oje, igi náà ṣì wà láàyè, bí ó bá ti gbẹ tó pupa, ẹ fi í sílẹ̀.

Ti inú ọ̀rá dúdú náà ní àléébù tirẹ̀. Bí ó bá ti pẹ́ jù nínú ọ̀rá, gbòǹgbò á ti yí ara rẹ̀ po nísàlẹ̀, igi náà á sì máa ráre lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbìn ín. Ẹ gbé ọ̀rá náà sókè, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò tó ti yọ jáde tó sì ti nípọn fi hàn pé ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ inú rẹ̀ pẹ̀lú: bí ó bá ń rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ nítorí pé wọ́n ń bomi sí i lójoojúmọ́, ó ṣeé ṣe kí ìdí igi ti máa rà.

Gbígbìn

Ìgbà tó dára jù ni nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, láàárín oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún. Kò sí ohun tó ń pa igi yìí bíi kí wọ́n gbìn ín lọ́jọ́ tí wọ́n gé e. Oje funfun tó wà lójú gígé gbọ́dọ̀ gbẹ kí ojú náà sì dì. Ẹ tẹ́ igi náà síbi tó ní ibòji fún ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 4. Bí ẹ bá fi ojú gígé tútù wọ ilẹ̀ tó rin, ibẹ̀ ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn á sì sọ pé igi náà «kò gba ilẹ̀ wa». Ó gbà á. Ìkánjú ni kò gbà.

Ẹ gé ìsàlẹ̀ ní ọ̀nà tó yàtọ̀, kí ẹ lè mọ ìdí yàtọ̀ sí orí. Ègé tí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò kì í hù dáadáa. Ẹ rì í wọlẹ̀ dé ìdajì, kí ojú kan tàbí méjì wà lókè. Mítà 1 ni kí ó wà láàárín igi kan sí èkejì. Bí ọgbà ni ẹ fẹ́ fi ṣe yíká ilé, ìdajì mítà tó. Ilẹ̀ olókùúta kò dí i lọ́wọ́, ìdí òkúta tó ní ìwọ̀nba ilẹ̀ sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí pé omi kì í dúró níbẹ̀. Àbàtà àti ibi tí omi ìdáná ń ṣàn sí ni kí ẹ sá fún. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, garawa kékeré kan fún igi kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ti tó. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó o.

Ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí ọ̀sẹ̀ 4. Ní àkókò yìí, ẹ má fa igi náà tu láti wò bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Ẹ bomi sí i lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ bí òjò kò bá rọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Ewúrẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Ewúrẹ́ àdúgbò á jẹ ẹ́ dé egungun, igi kékeré kò sì lè mú un mọ́ra, nítorí náà kí ẹ fi ẹ̀gún tàbí páànù àlòkù ṣọgbà yí i ká títí yóò fi ga ju ewúrẹ́ lọ. Igi rẹ̀ rọ̀, ó máa ń ṣẹ́ nínú ìjì. Bí ó bá ti ju mítà 1 àti ààbọ̀ lọ, kí ẹ gé e kúrú. Gígé yìí ló ń mú kí ó pẹ̀ka, ẹ̀ka púpọ̀ ló sì ń fúnni ní ewé púpọ̀.

Ẹ má já ewé rẹ̀ kí ó tó pé oṣù 4. Sùúrù yìí ni ọ̀pọ̀ ilé kì í ní, òun ló sì fà á tí igi wọn fi ń rí tínínrín. Lẹ́yìn náà, ẹ má já ju ìdajì ewé tó wà lórí rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Nínú ìrírí ilé tó ní ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, igi 4 sí 6 ti tó láti máa bọ́ ìkòkò ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́ nígbà tí ẹ bá ń já a: irun wẹ́wẹ́ wà lára ọ̀pá ewé àwọn kan tó máa ń jó ni lára, oje rẹ̀ náà sì máa ń yún ni. Ẹ má jẹ́ kí ó kan ojú ọmọ.

Inú ìkòkò ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà

Ẹni tó bá fẹ́ ka apá kan ṣoṣo nínú ohun tí a kọ, kí ó ka ibí yìí.

Ewé chaya ní èròjà kan tó ń di májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì bí a bá rún ewé náà ní tútù. Irú èyí tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò ni. Kò yẹ kí èyí jẹ́ ìyàlẹ́nu fún ará Ẹ̀gbá, nítorí ìdí tí a fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó di láfún nìyẹn: omi àti kíkan rẹ̀ ló ń lé májèlé náà jáde. Ní ti ẹ̀fọ́ yìí, iná ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Sáyánáìdì máa ń bá ooru omi gbígbóná fò lọ.

Nítorí náà: ẹ gbé omi kaná kí ó hó ná. Ẹ da ewé tí ẹ ti fọ̀ sí i, kí omi bò ó dáadáa. Láti ìgbà tí omi bá tún padà hó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú, kí ó sì pé ìṣẹ́jú 20. Ẹ má dé e pa, kí ooru lè ráyè jáde, kí fèrèsé ilé ìdáná sì wà ní ṣíṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ sẹ́ ẹ. Bí ti ọmọ ni, ẹ da omi rẹ̀ nù. Bíbọ̀ tí a ń bọ tẹ̀tẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì kò tó fún èyí rárá, dída omi gbígbóná lé e lórí lásán kò sì ṣe nǹkan kan.

Èkejì ni ìkòkò fúnra rẹ̀. Ìmọ̀ràn tó ti wà nílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ti ń jẹ ẹ́ pẹ́ ni pé a kì í fi ìkòkò álúmínọ́ọ̀mù sè é, nítorí pé omi ẹ̀fọ́ náà lè bá irin ìkòkò ṣiṣẹ́, kí ó sì fa ìgbẹ́ gbuuru. Ìkòkò álúmínọ́ọ̀mù ló sì kún ilé ìdáná wa. Ìṣaasùn amọ̀ dára fún un, ìkòkò irin dúdú dára, ìkòkò tánńganran tí kò tíì ṣí lára dára, ìkòkò irin tí kì í dípẹtà náà dára. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti lẹ̀ kò ní omi tí yóò fi ṣòfò nínú ìgbẹ́ gbuuru. Ìdí nìyẹn tí a kò fi fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí.

Ẹ̀kẹta ló ń bà wá nínú jẹ́ jù. Àṣà kan wà tí wọ́n máa ń fún ewé tútù, tí wọ́n á pò ó mọ́ mílíìkì àti máàtì, tí wọ́n á ní ó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Ugu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe é, àwọn kan ń fi «hospital too far» ṣe é. Nítorí pé orúkọ ti dàrú, chaya tútù náà ti wọ inú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ọmọ ní èyí. Ara tó bá ní pùrótéènì tó ló ń lè sọ ìwọ̀nba sáyánáìdì di ohun tí kò lè ṣe é ní jàǹbá; ara ọmọ tí kò jẹun kánú kò ní ohun èlò yẹn tó. Ìyẹn ni pé ọmọ tí wọ́n ń wá ìwòsàn fún gan-an ni ewé tútù lè pa lára jù. Bí olówò bá sọ fún yín pé ẹ lè máa fún omi rẹ̀ mu, kí ẹ kúrò nídìí ìsọ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n bá sè é bó ṣe yẹ, ẹ̀fọ́ yìí dùn. Kì í korò bí ewúro, kì í yọ̀ bí ewédú. Kì í rọ̀ dànù nínú ìkòkò bíi tẹ̀tẹ̀, ó máa ń ṣe ṣinṣin lẹ́nu, ó sì súnmọ́ ugu ní adùn. Ó bá ẹ̀fọ́ rírò mu pẹ̀lú irú, egúsí àti panla, ó sì bá láfún lọ dáadáa.

Fún ọmọ, báwo ni kí ó ti pọ̀ tó?

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, wàrà ọmú nìkan ni tirẹ̀. Ẹ̀fọ́ kankan kò kàn án, omi pàápàá kò kàn án.

Láti oṣù 6, ẹ̀fọ́ sísè tí a gún tàbí tí a lọ̀ kúnná ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ṣíbí kékeré kan nínú oúnjẹ rẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì máa wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lè fi kún un díẹ̀díẹ̀. Láàárín oṣù 9 sí oṣù 11, oúnjẹ ọmọ máa ń tó ìdajì ife mìlílítà 250 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Nínú ìdajì ife yẹn, ẹ̀fọ́ kò gbọdọ̀ ju ìdámẹ́rin lọ. Ikùn ọmọ kéré, ewé kò sì ní agbára púpọ̀ nínú. Bí ẹ bá fi ewé kún ikùn rẹ̀, kò sí ààyè mọ́ fún oúnjẹ tí yóò fi sanra.

Àpòpọ̀ tí a gbà níyànjú fún oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan: ẹ̀wà sísè tí a ti bó èèpo rẹ̀ tí a sì lọ̀, ṣíbí ọbẹ̀ 3, ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ tí a sì sẹ́, ṣíbí ọbẹ̀ 1, ẹ̀fọ́ sísè tí a gún, ṣíbí ọbẹ̀ 1 àti ààbọ̀, epo pupa, ṣíbí tíì 1. Ẹ po gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná títí yóò fi ki tó, tí kò ní í ṣàn kúrò lórí ṣíbí. Epo yẹn kì í ṣe fún adùn nìkan: láìsí epo, ara kì í gba fítámì A tó wà nínú ewé dáadáa. Ẹ fún un ní ọsàn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí fítámì C tó wà nínú rẹ̀ ló ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin inú ẹ̀fọ́. Ẹ má fún ọmọ ní tíì sí oúnjẹ náà; tíì kì í jẹ́ kí ara gba irin yẹn dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà wo ohun tí ewé yìí lè ṣe. Gíráàmù 100 ewé chaya tútù ní pùrótéènì tó gíráàmù 5 sí 6, nígbà tí tẹ̀tẹ̀ ní bíi 2 àti ààbọ̀. Ìlọ́po méjì ni, ó sì dára fún ewé. Ṣùgbọ́n gíráàmù 30 tí ọmọ kékeré lè jẹ lóòjọ́ kò lè fún un ní pùrótéènì tó gíráàmù 2, ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta sì nílò bíi gíráàmù 13 lójúmọ́. Ẹyin kan ní tó 6. Nítorí náà, ẹni tó bá ní agbára ẹyin kan, kí ó ra ẹyin náà, kí ó sì fi ẹ̀fọ́ yìí tì í lẹ́yìn. Níbi tí ẹ̀fọ́ yìí ti níyì ni èròjà irin, kálísíọ̀mù àti fítámì tó ń fi kún ẹ̀wà àti ẹ̀kọ, lójoojúmọ́, láìná owó lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́.

Bí a bá fi wé mọ̀ríńgà

Mọ̀ríńgà ni gbogbo ènìyàn mọ̀, òun náà sì lágbára: gíráàmù 100 ewé rẹ̀ tútù ní pùrótéènì tó gíráàmù 9, kò sì ní ìṣòro sáyánáìdì ti chaya. Kóró rẹ̀ máa ń hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó máa ń gba àkókò láti já kúrò lára ọ̀pá, igi rẹ̀ á sì ga ju ọwọ́ lọ láàárín ọdún kan bí ẹ kò bá gé e. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ líle, ó máa ń wọ́wé. Bí ààyè bá wà, ẹ gbin méjèèjì.

Ìyẹ̀fun mọ̀ríńgà inú ike tí wọ́n ń polówó fún ọmọ tó rù ni a kò lè fún ní máàkì púpọ̀. Bíi kílò 7 ewé tútù ló ń di kílò 1 ìyẹ̀fun, nítorí náà kò lè pọ́ọ́kú bí ó bá jẹ́ ojúlówó. Inú ibòji ló yẹ kí wọ́n ti sá a. Èyí tí wọ́n sá sínú oòrùn ti pàdánù púpọ̀ nínú fítámì A rẹ̀. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀: kí ó tutù bí ewé, kí ó má pọ́n bí taba, kí ó má sì rùn bí ohun tó bu. Ike tí ojú ń wọ inú rẹ̀ kédére, tí wọ́n pàtẹ sínú oòrùn, ti ń bàjẹ́ níbi tó wà. Ṣíbí tíì kan ìyẹ̀fun yìí, tó wọn bíi gíráàmù 2, kò ní ju bíi ìdajì gíráàmù pùrótéènì lọ. Kí àwọn tó ń tà á yé sọ fún ìyá ọmọ pé ṣíbí kan lójúmọ́ rọ́pò ẹja àti ẹ̀wà.

Ọmọ tí igi kankan kò lè dúró dè

Bí ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì bá wú, tí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 3 tí ojú ibẹ̀ sì jìn wọlé tí kò padà, tàbí tí apá òkè ọmọ oṣù 6 sí oṣù 59 kò tó sẹ̀ǹtímítà 11 àti ààbọ̀ yíká, ọmọ náà ti wà nínú ewu. Ẹ má fi ẹ̀fọ́ dán an wò. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé ti wọ́ọ̀dù yín lọ́jọ́ náà, tàbí sí ilé ìwòsàn ìjọba tó tóbi bíi ti Ìdí-Àbà. Oúnjẹ ìtọ́jú àti oògùn tí wọ́n ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ̀fọ́ á tún wúlò fún un nígbà tó bá padà sílé.

Máàkì wa

Igi inú ọ̀rá dúdú tó ti ruwé, láti ọwọ́ ẹni tó lè fi ìyá igi hàn: 8 nínú 10. Ìdì igi tí kò léwé: 5, nítorí àṣìmú. Ewé tí wọ́n já wá sọ́jà: 4, ó tètè ń rọ, ẹ kò sì mọ èwo nínú méjèèjì ni. Àlàyé tí àwọn olówò ń ṣe nípa sísè rẹ̀: 1, a sì fún wọn ní ẹyọ kan yẹn nítorí àwọn díẹ̀ tó ń sọ pé «ẹ sè é dáadáa o».

Kí ẹ tó ná owó rárá, ẹ wo ọgbà aládùúgbò. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti gbin igi yìí ṣọgbà láìmọ̀ pé ó ṣeé jẹ, tí wọ́n sì ń gé e dànù sórí ààtàn lọ́dọọdún. Igi kan tó ti dàgbà lè fúnni ní ègé mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé e kúrú. Ẹni tó bá sì ń fún ẹlòmíràn ní ègé tirẹ̀, kí ó sọ ọ̀rọ̀ ìkòkò fún un pẹ̀lú: ìṣẹ́jú 20, kí a má dé e, kí a má sè é nínú álúmínọ́ọ̀mù.